Plọ́ọ̀gì tó ṣẹ́ sí sílíńdà kẹta

Toyota Corolla ọdún 2005 ni ọkọ̀ náà. Ẹ́ńjìnnì 1ZZ-FE ló wà nínú rẹ̀, lítà 1.8, sílíńdà mẹ́rin, kọ́ìlì kọ̀ọ̀kan lórí plọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan: plọ́ọ̀gì ló ń ta iná sí epo inú sílíńdà, kọ́ìlì ló sì ń gbé iná fún un. Ẹni tó ni ín fi ń kó èrò láti Òjóò lọ sí Ọ̀yọ́, ó sì máa ń lọ tó ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ bí èrò bá wà. Bàbá Ìbejì la ń pè é ní gáréèjì. Ó gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́nà Mọ́níyà, ní Ìbàdàn, èmi ni mo sì ṣẹ́ plọ́ọ̀gì rẹ̀ sínú ẹ́ńjìnnì. Kì í ṣe ọmọ iṣẹ́ mi ló ṣe é. Mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀ nítorí mo mọ̀ pé irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì, tí wọ́n á sì tibẹ̀ ba tọ́ọ̀pù sílíńdà onítọ̀hún (alumíníọ̀mù tó bo orí sílíńdà, tí a ń yí plọ́ọ̀gì sí) jẹ́ pátápátá, nígbà tó jẹ́ pé irin tó há náà ṣeé yọ.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló wọlé. Kò tíì pa ọkọ̀ tó ti ń rojọ́.

"Ẹ̀ńjíníà, ẹ bá mi wò ó. Tí mo bá fẹ́ ya tírélà sílẹ̀ lẹ́bàá Fìdítì, ńṣe ló ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Èrò ti ń bú mi."

Iná ẹ́ńjìnnì ń ṣẹ́jú lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Mo fi ẹ̀rọ sikáànù mi, tó ń ka àṣìṣe inú ọkọ̀, sí i, kóòdù P0303 ló gbé jáde, ìyẹn ni pé iná sílíńdà kẹta kò jó déédéé. Mo pààrọ̀ kọ́ìlì kẹta mọ́ ti kìíní, a tún sitáàtì rẹ̀, P0303 kan náà ló padà wá. Bó bá jẹ́ kọ́ìlì ló kú ni, P0301, ìyẹn ti sílíńdà kìíní, là bá rí. Ó kù sí plọ́ọ̀gì tàbí ìńjẹ́ẹ́tọ̀ tó ń yin epo, plọ́ọ̀gì ló sì rọrùn jù láti kọ́kọ́ wò.

Nígbà tí mo fa kọ́ìlì kẹta jáde ni mo rí ohun tó yẹ kó dá mi dúró. Ìpẹtà ti kun rọ́bà ìsàlẹ̀ rẹ̀. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sínú kòtò plọ́ọ̀gì: orí plọ́ọ̀gì yẹn pọ́n bí ìṣó tó ti sùn sínú òjò fún ọdún kan. Omi ti ń dúró níbẹ̀.

"Bàbá, ṣé wọ́n ń fi omi fọ ẹ́ńjìnnì yìí ni?"

"Wọ́n ń fọ̀ ọ́ o. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni àwọn ọmọ tó ń fọ ọkọ̀ ń yin omi sí i, kó lè mọ́."

"Ta ló fi plọ́ọ̀gì yìí sí i?"

"Ọkọ̀ kú mọ́ mi lọ́wọ́ lójú ọ̀nà lọ́dún tó kọjá, ẹnì kan ló bá mi pààrọ̀ rẹ̀ níbẹ̀. Ó fi gírísì sí i dáadáa, ó sì dè é pinpin."

Ọ̀rọ̀ méjèèjì yẹn ni gbogbo ẹjọ́ náà, màá padà sórí wọn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń ti ẹnu rẹ̀ jáde, èmi ti ń wá sọ́kẹ́ẹ̀tì 16 mi.

Ẹ́ńjìnnì náà ṣì gbóná. Ọ̀yọ́ ló ti ń bọ̀ tààrà. Mo tú plọ́ọ̀gì kìíní, ó le díẹ̀, ó jáde. Èkejì náà jáde. Mo ki sọ́kẹ́ẹ̀tì bọ ẹ̀kẹta, mo fa apá sípánà, ó yí ìlàjì. Lẹ́yìn náà ó há, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí mọ ohùn yẹn, ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń fi ọ̀bẹ ha ìdí ìkòkò alumíníọ̀mù. Ara tọ́ọ̀pù sílíńdà ló ń fà mọ́ irin plọ́ọ̀gì. Ọwọ́ mi gbọ́ ọ. Ohun tó yẹ kí n ṣe ni pé kí n dá plọ́ọ̀gì náà padà sínú díẹ̀, kí n da òróró sí i, kí n sì fi ọkọ̀ sílẹ̀ títí yóò fi tutù. Bàbá Ìbejì dúró tì mí, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wo ibi tí oòrùn dé, nítorí èrò ìrọ̀lẹ́ ló wà lọ́kàn rẹ̀. Mo ki páìpù bọ apá sípánà kó lè gùn sí i, mo sì fà á.

Kò dún bí igi ṣe ń dún tó bá ṣẹ́. Ńṣe ló kàn rọ̀. Apá sípánà tó ti ń bá mi jà wá ń yí bí ẹni pé kò di nǹkan kan mú mọ́. Mo fa sọ́kẹ́ẹ̀tì sókè. Orí plọ́ọ̀gì ló wà nínú rẹ̀, ibi olójú mẹ́fà tí sípánà ń mú, pẹ̀lú tánganran funfun àti irin àárín tó gba inú rẹ̀ kọjá. Ibi tó ní tẹ́rẹ́ẹ̀dì, ìlà yíyí tó fi ń wọ ẹ́ńjìnnì, kò sí níbẹ̀. Ó ti kù sínú ẹ́ńjìnnì.

Mo sọ fún un lójú ẹsẹ̀. "Bàbá, ẹ má bínú, plọ́ọ̀gì ti ṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ̀bi mi ni. Ọkọ̀ ò ní í lè jáde lónìí, mi ò sì ní í gba owó iṣẹ́ kankan lọ́wọ́ yín lórí rẹ̀."

Ó jókòó sórí táyà kan tó wà nílẹ̀. Ó bi mí bóyá ẹ́ńjìnnì ti bàjẹ́ nìyẹn. Mo ní kò tíì bàjẹ́, pé ohun tí a bá ṣe láti ìgbà yẹn lọ ni yóò sọ bóyá yóò bàjẹ́.

Kí ọ̀rọ̀ tó kù lè yé yín, ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe plọ́ọ̀gì. Irin ìta rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo láti orí olójú mẹ́fà dé ìsàlẹ̀ tẹ́rẹ́ẹ̀dì, ṣùgbọ́n ó ní ọrùn kan tó tín-ín-rín láàárín méjèèjì. Inú irin náà ṣófo. Tánganran ló wọ inú rẹ̀, ètè irin tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ọn lókè, nínú ibi olójú mẹ́fà yẹn, ló sì dì í mú. Nítorí náà, bí ọrùn bá já, tánganran sábà máa ń bá orí jáde, ohun tó sì kù sínú tọ́ọ̀pù sílíńdà á dà bí òrùka irin gígùn kan tó ní ihò láàárín, tẹ́rẹ́ẹ̀dì mílímítà 14 lára rẹ̀, gígùn rẹ̀ bíi mílímítà 19. Ihò àárín yẹn ni a ó fi yọ ọ́, nítorí irin míì lè ki ẹsẹ̀ bọ ibẹ̀ kó sì mú un. Ihò yẹn náà ni ojú ọ̀nà sí orí pístìnnì, irin tó ń lọ sókè-sódò nínú sílíńdà. Ohunkóhun tó bá já bọ́ gba ibẹ̀ yóò bá ara sílíńdà jà nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ṣiṣẹ́.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe ni pé mo tú wáyà bátìrì, mo sì yọ fíúùsì EFI, èyí tó ń gbé iná fún ẹ̀rọ tó ń yin epo, mo fi sápò, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì sitáàtì ọkọ̀ náà. Ohun kejì: mo tẹ́ aṣọ funfun sórí bẹ́ńṣì, mo to gbogbo ohun tó jáde sí i, mo sì fi plọ́ọ̀gì kejì tó wà lódindi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí n lè fi wé e. Mo rí nǹkan méjì. Ìlà dúdú kan bí irun orí gba ara tánganran ẹ̀kẹta lọ láti òkè títí dé ibi tí irin ti bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni iná ti ń sá jáde dípò kó dé ìsàlẹ̀ lọ jó epo, òun ló sì ń mú ọkọ̀ gbọ̀n ní Fìdítì. Nǹkan kejì ló dà mí láàmú. Ẹnu ìsàlẹ̀ tánganran yẹn ti kán díẹ̀, ìwọ̀n bí ìlàjì hóró ìrẹsì ni. A wá a nínú kòtò, a kò rí i. A wá a nílẹ̀ àti lórí aṣọ, a kò rí i. Tánganran le ju alumíníọ̀mù pístìnnì lọ fíìfíì, ó sì lè ha ara sílíńdà débi tí ọkọ̀ á máa mu òróró. Láti ìgbà náà, mo mọ̀ pé iṣẹ́ méjì ló wà níwájú mi: irin tó há àti hóró ìrẹsì yẹn.

Mo fẹ́ kí pístìnnì kẹta wà lókè pátápátá, kí fáàfù rẹ̀ gbogbo, àwọn ìlẹ̀kùn tí atẹ́gùn àti èéfín ń gbà, sì wà ní títì, kí ohun tó bá já bọ́ má lè jìnnà sí ihò, kó má sì lè há sẹ́nu fáàfù. Ọmọ iṣẹ́ mi fi ọ̀rá bo ẹnu kòtò náà, èmi sì ń fi sípánà yí púlì ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì díẹ̀díẹ̀, mò ń fi ọwọ́ gbọ́ bóyá nǹkan há. Nígbà tí ọ̀rá wú sókè, a mọ̀ pé atẹ́gùn ń fún jáde, pé pístìnnì ń gòkè, fáàfù sì ti tì. Mo yí i títí pístìnnì fi dé òkè. Lẹ́yìn náà mo ká àkísà kékeré kan tó mọ́, mo fi òwú ìránṣọ so ó nídìí, mo fi gírísì ra á, mo sì tì í sínú ihò òrùka irin náà, òwú rẹ̀ ń jáde síta. Ọmọ iṣẹ́ mi bi mí pé, "Ọ̀gá, òwú yẹn ńkọ́?" Mo ní òun ló ṣe pàtàkì jù níbẹ̀. Àkísà tí kò ní òwú tó bá yọ́ wọ inú lọ, ìyọnu kejì ló di yẹn.

Àwọn ará ṣọ́ọ̀bù tó yí wa ká ti gbọ́. Wọ́n wá, oníkálùkù pẹ̀lú ìmọ̀ràn tirẹ̀, inú rere ni wọ́n sì fi sọ ọ́. Wẹ́dà ní kí a jó nọ́ọ̀tì mọ́ ọn, kí a fi sípánà yí i. Èyí dára fún bóòtì tó ṣẹ́ sí gbangba, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ kòtò gígùn lèyí wà, rọ́bà ń bẹ létí kòtò, alumíníọ̀mù ló sì yí i ká, irin tó bá yọ́ sílẹ̀ yóò já bọ́ sórí pístìnnì tààrà. Ẹlòmíràn ní kí a fi iná gáàsì gbóná ibẹ̀, ìdáhùn kan náà ni. Ẹnì kan ní kí a fi dríìlì lu ú títí yóò fi fẹ́lẹ́. Ta ló lè di dríìlì mú kó dúró ṣánṣán níbi tí ojú kò tó, kó má kan tẹ́rẹ́ẹ̀dì tọ́ọ̀pù sílíńdà? Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ní kí n kúkú sọ tọ́ọ̀pù sílíńdà kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò burú, ibẹ̀ náà la ó parí sí bí gbogbo rẹ̀ bá kọ̀. Ṣùgbọ́n sísọ ọ́ kalẹ̀ túmọ̀ sí títú ṣéènì táímìn, gáskẹ́ẹ̀tì tuntun, bóòtì tọ́ọ̀pù, òróró àti omi tuntun, ọ̀pọ̀ ọjọ́, owó tí Bàbá Ìbejì kò ní, àti pé bí a bá sọ ọ́ kalẹ̀ tán, irin yẹn ṣì máa há síbẹ̀, a ṣì máa yọ ọ́.

Èmi alára ní easy-out nínú àpótí mi, irin tí a fi ń yọ bóòtì tó ṣẹ́, èyí tó lọ́ bí ìwo àgbò. Mo gbé e jáde, mo wò ó, mo dá a padà. Ìdí méjì ni. Bó bá ṣe ń wọlé sí i ló ń fẹ ara òrùka irin náà sí i, tó sì ń tì í mọ́ alumíníọ̀mù, bẹ́ẹ̀ fífún ló ń dà á láàmú tẹ́lẹ̀. Ìdí kejì ló wọ̀ mí lára jù: apá kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n yí. Ó lè fà á jáde, kò lè dá a padà sínú. Ohun tó ṣẹ́ plọ́ọ̀gì yẹn gan-an ni fífà sí apá kan láì dá padà. N kò ní í tún fi irin ṣe ohun tí mo ti fi ọwọ́ ṣe.

Mo nílò irin olójú mẹ́rin tí ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín, tó lè gé ara rẹ̀ mọ́ inú òrùka náà kó sì lè yí i sí ọ̀tún àti sí òsì. Tọ́nà, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gé irin, tó wà ní ìsọdá ọ̀nà wa ló bá mi ṣe é lówùúrọ̀ Ọjọ́rú, láti ara Allen key ńlá àtijọ́ kan. Ó nà á tọ́, ó fi òkúta ẹ̀rọ gé ojú rẹ̀ sí mẹ́rin, ó sì ń tì í bọ omi ní gbogbo ìgbà kí iná òkúta má baà pa líle rẹ̀. Mo ní kó má fi fáìlì àtijọ́ ṣe é bí àwọn kan ti ń ṣe, nítorí fáìlì le ṣùgbọ́n ó ń kán bí gíláàsì, èyí tó bá sì kán síbẹ̀, dríìlì ò ní í ràn án.

Ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí á tó pa ṣọ́ọ̀bù dé, a ti pò epo tí yóò yọ́ wọ inú tẹ́rẹ́ẹ̀dì. Òróró jíà ọlọ́tómátíìkì, ìyẹn ATF, ìdajì, acetone ìdajì. Ọ̀dọ̀ obìnrin tó ń ṣe èékánná lẹ́gbẹ̀ẹ́ bánkì ni ọmọ iṣẹ́ mi ti ra acetone. Acetone mú kó ṣàn bí omi, ATF sì dúró níbẹ̀ lẹ́yìn tí acetone bá ti fò lọ. Iná ò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn rárá. A fi abẹ́rẹ́ ìgúnni fa díẹ̀, a sì kán an sí etí òrùka irin náà yípo, kì í ṣe pé a dà á kún kòtò. A tún kán an láàárọ̀ Ọjọ́rú àti lọ́sàn-án.

Plọ́ọ̀gì kẹrin, tí n kò fọwọ́ kàn títí ẹ́ńjìnnì fi tutù di òwúrọ̀, jáde lórí sípánà kúkurú láìsí ariwo kankan. Òun àti ẹ̀kẹta jọ wọ ibẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, ọwọ́ ẹnì kan náà ló dì wọ́n. Mo dì í mú lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀.

Mo wá lè sọ ìdí tí ẹ̀kẹta fi há. Omi tí wọ́n ń yìn sí ẹ́ńjìnnì ń gba ẹ̀gbẹ́ rọ́bà kọ́ìlì wọ kòtò, kò sì ríbi jáde. Plọ́ọ̀gì náà kì í ṣe ojúlówó: ara ojúlówó ni wọ́n máa ń fi nǹkan dídán bò kó má baà dípẹtà, èyí kò ní in, ìpẹtà sì jẹ ẹ́ wọ inú tẹ́rẹ́ẹ̀dì òkè. Lẹ́yìn ìyẹn ni gírísì tí ẹni yẹn fi sí i. Ó rò pé òun ń ṣe dáadáa, ọ̀pọ̀ wa la sì ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n tí wọ́n ní kí a fi de plọ́ọ̀gì, tẹ́rẹ́ẹ̀dì gbígbẹ ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Bí gírísì bá wà níbẹ̀, ó ń yọ̀, agbára tí ìbá lọ sínú fífarakanra á lọ sínú fífa ọrùn plọ́ọ̀gì. Ọrùn yẹn ti nà láti ọdún tó kọjá. Ooru ló parí rẹ̀. Alumíníọ̀mù ń wú tó ìlọ́po méjì bí irin ṣe ń wú bó bá gbóná, nítorí náà ẹlòmíràn á rò pé ihò á fẹ̀, plọ́ọ̀gì á sì rọrùn láti tú. Ṣùgbọ́n alumíníọ̀mù tó gbóná rọ̀, bí ìpẹtà tó dà bí iyanrìn bá wà lójú ọ̀nà, ńṣe ni ara rẹ̀ á máa ya mọ́ irin, á sì kó jọ síwájú rẹ̀ títí irin ò fi ní ríbi kọjá. Ohùn kíké tí mo gbọ́ nìyẹn.

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú la kọ́kọ́ gbìyànjú. Mo fi gírísì sí ẹnu irin tọ́nà kí ó lè máa mú èérún, mo yọ àkísà olówùú, mo sì ti irin náà bọ ihò. Mo fi hámà kékeré kàn án lórí lẹ́ẹ̀mẹta, jẹ́jẹ́, títí ohùn rẹ̀ fi yí padà tó sì dún pé ó ti mú. Mo fi sípánà sí i lókè. N kò fà á sí òsì. Ọ̀tún ni mo kọ́kọ́ tì í sí, bí ẹni tó fẹ́ dè é sí i. Ó gbà fún mi díẹ̀, ó tó bí ìbú èékánná. Mo fà á sí òsì, ó dé ibi tó wà tẹ́lẹ̀, ó dúró. Ọ̀tún, òsì. Lẹ́yìn bí ogún ìgbà, kò tíì kọjá ibẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi ń wo páìpù tó wà nílẹ̀. Mo ní kó gbé e lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. A dá àkísà padà, a kán epo sí i, a lọ sílé.

Bàbá Ìbejì pè mí lálẹ́. "Ẹ̀ńjíníà, ṣé ó ti ń gbọ́?" Mo ní ó ti mira. Ó ní, "Ó ti mira? Olúwa ṣeun." Ọjọ́ kejì tí kò fi ṣiṣẹ́ nìyẹn, ohùn rẹ̀ kò sì le sí mi. N kò lè gbàgbé rẹ̀.

Òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, nígbà tí gbogbo ara ẹ́ńjìnnì tutù bí òkúta, mo tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀tún, òsì. Nígbà tí mo fà á sí òsì ní nǹkan bí ìgbà kẹwàá, ó kọjá ibi ìjọsí. Ó kọjá díẹ̀ báyìí, bí ìdá mẹ́jọ ìyípo kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í le. Mo dá a padà títí dé ibi tó ti rọrùn, a kán epo sí i, mo dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí mo bá ti gbọ́ ọ pé ó fẹ́ ké, n kò jẹ́ kó ké, màá dá a padà. Ó gbà wá tó ìṣẹ́jú ogójì kí ó tó yí odindi ìgbà kan. Lẹ́yìn ìyẹn ó rọrùn sí i. Ìka ni mo fi yí ìyípo méjì tó kẹ́yìn.

Ó jáde mọ́ ẹnu irin náà bí ìgbín tó lẹ̀ mọ́ igi. Mo gbé e sí àtẹ́lẹwọ́. Apá òkè rẹ̀ pupa fún ìpẹtà, àyíká ibi tó ti ṣẹ́ ń dán. Lára tẹ́rẹ́ẹ̀dì méjì, alumíníọ̀mù ti lẹ̀ mọ́ ọn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ẹ̀kọ tó gbẹ mọ́ ìdí abọ́. Àwọn tó kù mọ́. Mo sì mọ̀ pé tẹ́rẹ́ẹ̀dì inú tọ́ọ̀pù sílíńdà kò ní í bàjẹ́ ju ìwọ̀nba yẹn lọ.

Ó ku hóró ìrẹsì. Mo ní kámẹ́rà oníwáyà tínínrín kan tí a ń kì bọ fóònù. Mo sọ ọ́ kalẹ̀ gba ihò, orí pístìnnì sì hàn, dúdú fún èéfín, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe yẹ. Nítòsí etí rẹ̀, lápá ibi tí fáàfù èéfín wà, ohun funfun kan wà níbẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi ló kọ́kọ́ rí i. Mágínẹ́ẹ̀tì kò lè gbé e nítorí kì í ṣe irin. A ò fẹ́ fi atẹ́gùn fọ́kánáísà fẹ́ ẹ, kó má lọ fara pamọ́ síbòmíràn. A lọ bẹ àwọn ọmọ tó ń fọ ọkọ̀, àwọn yẹn kan náà, wọ́n yá wa ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa eruku inú ọkọ̀. Mo fi téèpù so rọ́bà tínínrín mọ́ ẹnu rẹ̀, mo sì fi ìbọ̀sẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ obìnrin sí ojú ìsopọ̀ náà, kí ohun tó bá bọ́ sínú rẹ̀ má baà bá eruku lọ láìjẹ́ pé a rí i. Rọ́bà náà kan orí pístìnnì, ó rìn díẹ̀, ó sì dún "tín". Mo pa ẹ̀rọ, mo tú ìbọ̀sẹ̀. Ó wà níbẹ̀. Mo gbé e lọ sórí aṣọ funfun, mo fi sí ojú ibi tó ti kán lára tánganran, ó sì bá ibẹ̀ mu láìsí àlàfo.

Mo fi hákísọ̀ gé ojú mẹ́ta gba ara tẹ́rẹ́ẹ̀dì plọ́ọ̀gì àtijọ́ kan kọjá, mo fi gírísì kún ojú náà, mo sì fi ìka yí i wọ ihò. Ó ń gbá alumíníọ̀mù tó ya wọ inú gírísì bó ṣe ń lọ. Mo tú u, mo nù ún, mo tún un ṣe títí gírísì fi ń jáde láìní ohun tó ń dán nínú. A fa inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, a fi kámẹ́rà wò ó, a da òróró ẹ́ńjìnnì díẹ̀ sínú sílíńdà náà. A dá wáyà bátìrì padà, ṣùgbọ́n láì dá fíúùsì EFI padà, a yí sitátà fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, àkísà funfun lẹ́nu kòtò. Òróró àti dúdú èéfín nìkan ló wà lára àkísà. Gééjì kọ́ḿpíréṣọ̀n, tó ń wọn bí atẹ́gùn ṣe ń fún tó nínú sílíńdà kọ̀ọ̀kan, kà 170, 170, 165, 170 psi. Wọ́n sún mọ́ra, ó dára.

Èmi fúnra mi ni mo lọ ra plọ́ọ̀gì ní Araromi, ní Gate. Mo yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò: ìwé ara tánganran gbọ́dọ̀ mọ́lẹ̀ kedere, tẹ́rẹ́ẹ̀dì gbọ́dọ̀ dán yípo, òrùka gáskẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò gbọdọ̀ já bọ́ bí mo bá da orí rẹ̀ kodò. Ṣọ́ọ̀bù méjì ni mo jáde nínú rẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Àlàfo ẹnu wọn jẹ́ mílímítà 1.1, mo sì fi gééjì wọ̀n ọ́n síbẹ̀. A nu kòtò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbẹ. Tẹ́rẹ́ẹ̀dì gbígbẹ, kò sí gírísì, ìka ni a fi yí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọlé títí gáskẹ́ẹ̀tì fi kanlẹ̀, lẹ́yìn náà ni mo fi sípánà ìwọ̀n, èyí tó ń fi bí a ṣe de nǹkan le tó hàn, dè é sí 25 Nm. Ẹni tí kò bá ní sípánà ìwọ̀n, kó fi ìlàjì ìyípo kún un lẹ́yìn tí gáskẹ́ẹ̀tì tuntun bá ti kanlẹ̀, kó sì fi sílẹ̀.

Nígbà tí a sitáàtì rẹ̀, èéfín jáde fún bí ìṣẹ́jú kan nítorí òróró tí a dà sínú sílíńdà, lẹ́yìn náà ó mọ́. Mo fi ife omi lé orí ẹ́ńjìnnì kí Bàbá Ìbejì lè fojú ara rẹ̀ rí i. Omi náà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mì. Ó wò ó pẹ́. Owó plọ́ọ̀gì nìkan ló san.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo ní kó gbé e wá láàárọ̀ kùtù, kó tó jáde lọ sí gáréèjì, kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó gbóná. Ọmọ iṣẹ́ mi ni mo ní kó tú ẹ̀kẹta. Ó fa kọ́ìlì, rọ́bà rẹ̀ gbẹ. Ó yí sípánà lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Ọ̀gá, ó ti rọ̀," ó sì fi ìka yí ìyókù jáde. Ẹnu plọ́ọ̀gì náà ní àwọ̀ búrẹ́dì tó jinná. Ó nù ún, ó fi ìka dá a padà, ó sì na ọwọ́ sí mi fún sípánà ìwọ̀n. Bàbá Ìbejì ní wọ́n kì í yin omi sí ẹ́ńjìnnì mọ́, àkísà tútù ni wọ́n fi ń nù ún. Aago méje kò tíì lù tó fi ti wà nínú ìlà ní Òjóò.